Bọ́ọ̀tù Méjìdínláàádọ́ta ní Odógunyán

Ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan nínú oṣù kẹwàá ni Alhaja pè mí. Kò kí mi tán tó fi sọ ọ́ jáde: “Ẹnjiníà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá wo ilé irin mi. Ó ń yìnbọn.”

Mo mọ ilé náà. Odógunyán ló wà, ní ẹ̀gbẹ́ títì tó lọ sí Ṣàgámù láti Ìkòròdú. Òpó irin àti páànù ni wọ́n fi kọ́ ọ, inú rẹ̀ ni Alhaja ń kó páìpù àti irin pẹlẹbẹ tó ń tà sí. Kíréènì kan wà lókè inú rẹ̀ tó lè gbé tọ́ọ̀nù 5, ó ń rìn lórí irin gígùn méjì láti ẹnu ọ̀nà dé ẹ̀yìn ilé. Wọn ò tíì lò ó ju ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lọ. Ohun tí Alhaja ń pè ní ìbọn ni pé bí kíréènì bá gbé ìdì páìpù, tí ẹni tó ń darí rẹ̀ sì tẹ bíréèkì, ariwo kan á dún láti ara ògiri: gbàù! Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, ó ti tán. Àwọn ọmọ tó ń kó páìpù á fi iṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n á bọ́ síta. Ọlọ́dẹ tilẹ̀ kọ́kọ́ rò pé àwọn ọmọ àdúgbò ló ń sọ òkò lu páànù. Alhaja ti pe àfáà wá ṣàdúrà sí ilé náà kó tó pè mí. Nígbà tó ròyìn rẹ̀ fún mi, mo ṣe àmín sí i tọkàntọkàn, torí ẹrù tó wúwo tó bẹ́ẹ̀ lókè orí àwọn ọmọ ọlọ́mọ kì í ṣe ohun tí à ń fọwọ́ yẹpẹrẹ mú.

Bàbá Fóòmánù ti wà níbẹ̀ kí n tó dé. Mo dọ̀bálẹ̀ kí wọn. Wọ́n ti ń to irin kí n tó mọ ohun tí wọ́n ń pè ní bọ́ọ̀tù, ẹnìkan ò sì lè bá wọn jiyàn lórí bí òpó ṣe ń dúró ṣánṣán. Ìwé àjákọ àwọn ọmọ iléèwé ni wọ́n mú dání, wọ́n ṣí i sí ojú ewé tí wọ́n ti to nọ́ńbà sí láti 1 dé 48, àmì sì wà níwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan.

“Ẹ wò ó, Ẹnjiníà. Bọ́ọ̀tù 48 ló wà lára àwọn irin ìdábùú. 390 ni mo fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, gbogbo wọn ló ké. Nígbà tí ariwo yìí bẹ̀rẹ̀, mo tún gun òkè lọ, mo tún gbé sípánà sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sí èyí tó yí kó tó ké.”

390 Nm ni wọ́n ń wí, ìyẹn agbára ìyíwọ̀n tí ẹni tó ya àwòrán ilé náà ṣírò. Sípánà tọ́ọ̀kù máa ń ké “kẹ̀” nígbà tí ọwọ́ bá dé iye tí a yí i sí. Mo gba sípánà náà lọ́wọ́ wọn, mo gun àkàbà, mo dán mẹ́ta wò fúnra mi. Kẹ̀. Kẹ̀. Kẹ̀. Òótọ́ ni wọ́n sọ.

Ibẹ̀ yẹn gan-an ni àyẹ̀wò máa ń parí sí lọ́pọ̀ ibi. Sípánà ti ké, wọ́n á fọwọ́ sí ìwé, oníkálukú á gba ilé rẹ̀ lọ. Ilé Alhaja ló kọ̀ tí kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà parí síbẹ̀.

Ó yẹ kí n ṣàlàyé iṣẹ́ tí àwọn irin ìdábùú yẹn ń ṣe. Wọ́n dábùú láti òpó kan dé èkejì kí ilé má baà fì síwájú tàbí sẹ́yìn nígbà tí kíréènì bá ń rìn tó sì dúró lójijì. Oríkèé mẹ́jọ ni wọ́n ní, bọ́ọ̀tù mẹ́fà mẹ́fà ló sì so oríkèé kọ̀ọ̀kan mọ́ irin pẹlẹbẹ tí wọ́n wẹ́dà mọ́ ara òpó. Bọ́ọ̀tù náà nípọn tó milimítà 20, ihò tó wọ̀ sì jẹ́ milimítà 22. Milimítà 2 yẹn kì í ṣe àṣìṣe. Láìsí i, bọ́ọ̀tù ò ní wọlé láéláé lórí òkè níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń gbé irin. Ṣùgbọ́n òun kan náà ni àyè tí irin lè gbà yọ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ilé, a máa ń fàyè gba kí irin yọ̀ díẹ̀ kí ara bọ́ọ̀tù fi ti etí ihò, ìyẹn ò pa ẹnikẹ́ni lára. Níbi tí kíréènì bá wà, tí agbára ń lọ tó ń bọ̀ lójoojúmọ́, a kì í fẹ́ kí ó yọ̀ rárá. Ìdí nìyẹn tí àwòrán fi sọ pé kí wọ́n fún irin méjèèjì pọ̀ débi pé wọn ò ní lè rìn lórí ara wọn. Kì í ṣe ara bọ́ọ̀tù ló yẹ kó máa gba agbára kíréènì. Ìfúnpọ̀ irin sí irin ló yẹ kó gbà á.

Ohun tó sì ń fún wọn pọ̀ ni pé bọ́ọ̀tù nà. Ẹ ronú nípa rọ́bà táyà inú tí ọlọ́kadà fi ń di àpò ìrẹsì mọ́ ẹ̀yìn ọ̀kadà rẹ̀. Bó bá kàn so ó láì fà á, kódà kó ta á ní kókó mẹ́wàá, àpò yẹn á já bọ́ nínú kòtò àkọ́kọ́. Bí rọ́bà ṣe nà kó tó so ó ló ń di àpò náà mú. Bọ́ọ̀tù náà ń nà bẹ́ẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú lásán kò lè rí i. Orí bọ́ọ̀tù ilé Alhaja ní àmì 8.8. Mẹ́jọ àkọ́kọ́ ń sọ pé irin rẹ̀ lè gba 800 N (níútìnì, òṣùwọ̀n agbára) lórí milimítà onígun mẹ́rin kan kó tó já. Mẹ́jọ kejì ń sọ pé ìdá 80 nínú 100 ìyẹn, tíí ṣe 640, ló lè gbà kó tó nà láìní padà sípò mọ́. Ìdá 70 nínú 100 agbára tó ń já a la máa ń fà á dé. Fún bọ́ọ̀tù milimítà 20 báyìí, 137 kN nìyẹn (kN kan jẹ́ 1,000 N), bí ẹni pé a so ẹrù tọ́ọ̀nù 14 rọ̀ mọ́ irin kan tí kò nípọn ju àtàǹpàkò lọ.

Sípánà ò rí nínà yẹn. Ohun tí sípánà mọ̀ kò ju bí nọ́ọ̀tù ṣe le tó láti yí lọ. Nínú agbára 100 tí a bá fi yí nọ́ọ̀tù, bí 10 péré ló ń lọ sínú nínà bọ́ọ̀tù. Bí 50 ń lọ sí abẹ́ nọ́ọ̀tù níbi tó ti ń họ ara rẹ̀ mọ́ wáṣà, bí 40 sì ń lọ sínú eyín bọ́ọ̀tù. Bí ibi méjèèjì yìí bá le díẹ̀ sí i, inú 10 yẹn ni wọn yóò ti yọ ọ́. Ẹni tó bá ti yí ẹnu ẹ̀rọ omi tó ta ìpata rí mọ̀ ọ́n: ọwọ́ á ro ó, ojú á le, omi á sì máa kán síbẹ̀síbẹ̀.

Ní aago méje òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, kí oòrùn tó mú páànù gbóná, èmi àti ọmọ iṣẹ́ mi gun òkè pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì àti àkísà. A nu eruku kúrò lára oríkèé àkọ́kọ́. Mo sún ojú mọ́ ọn títí imú mi fi fẹ́ kan irin. Ní etí wáṣà kan, níbi tó yẹ kí ọ̀dà ti bo irin délẹ̀, ìlà tín-ín-rín kan ń dán, ó tẹ̀ bí oṣù tuntun. Ìhòòhò irin ni. Wáṣà ti bá bọ́ọ̀tù rìn kúrò ní àyè tó wà nígbà tí wọ́n kun ọ̀dà, ó sì fi ìhòòhò irin sílẹ̀ lẹ́yìn. Ní òdìkejì wáṣà kan náà, ọ̀dà ti ṣùpọ̀ bí awọ ẹni tó ń dàgbà. Mo wọn oṣù tuntun náà níbi tó ti fẹ̀ jù: milimítà kan àti ààbọ̀. Ní oríkèé mẹ́fà nínú mẹ́jọ la ti rí irú rẹ̀. Mo pe Alhaja wá sókè kó fi ojú ara rẹ̀ rí i. Alhaja di àkàbà mú gbọingbọin, wọ́n gòkè wá.

Ìbọn tó ń dún nìyẹn. Oríkèé náà máa ń di ara rẹ̀ mú díẹ̀, nígbà tí agbára bíréèkì bá wá borí rẹ̀, yóò yọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ara bọ́ọ̀tù á sì gbá etí ihò. Kíréènì padà, ó tún yọ̀ padà. Ariwo yẹn ò tilẹ̀ dẹ́rù bà mí tó ohun tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ní ọdún 1969, ẹnjiníà ará Jámánì kan, Gerhard Junker, fi ẹ̀rọ hàn pé bí irin bá ń yọ̀ síwá sẹ́yìn lábẹ́ bọ́ọ̀tù, nọ́ọ̀tù á máa tú fúnra rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí ìfúnpọ̀ àtilẹ̀wá ò bá tó láti dá yíyọ̀ náà dúró. Mo sọ fún Alhaja pé kí kíréènì sinmi láti ìṣẹ́jú yẹn lọ.

“Ọjọ́ mélòó?”

“Bí ọjọ́ mẹ́wàá, Alhaja.”

Wọ́n wo àwọn oníbàárà mẹ́ta tó jókòó sábẹ́ igi níta. “Ẹ dá a dúró.” Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn lójú ẹsẹ̀, torí kì í ṣe gbogbo onílé ló ń dáhùn bẹ́ẹ̀.

A fi okùn wáyà ti òpó méjì sípò, a tú oríkèé kan. Nígbà tí irin méjèèjì ya ara wọn, ọ̀dà pupa tí àwọn wẹ́dà máa ń fi pilẹ̀ irin ló wà láàárín wọn. Ó nípọn, ojú rẹ̀ sì ti kúnná bí ojú ẹ̀kọ tó dì. Àwòrán ti sọ ọ́ kedere pé kí ẹnikẹ́ni má kun ibi tí irin ti pàdé irin, kí wọ́n fi ẹ̀rọ fẹ́ yanrìn irin lù ú kó rí ṣákaṣàka, kí wọ́n sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó kùn ún rò pé òun ń ṣe rere ni. Atẹ́gùn ọ̀sà ń fẹ́ dé Ìkòròdú, ìpata sì ń yára jẹ irin wa. Ṣùgbọ́n ọ̀dà láàárín oríkèé irú èyí ń ṣe ibi méjì: ó ń jẹ́ kí irin yọ̀, bó bá sì ti nípọn, á máa tẹ̀ lábẹ́ ẹrù, nínà bọ́ọ̀tù á sì máa lọ sílẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni mo mú bọ́ọ̀tù kan, mo nu ún, mo sì gbìyànjú láti fi ọwọ́ lásán yí nọ́ọ̀tù padà sórí rẹ̀. Ó yẹ kó sáré wọlé bí ìdérí ìgò. Ó lọ lẹ́ẹ̀mejì, ó há. Eyín rẹ̀ ti di àwọ̀ ilẹ̀, kò sí òróró kankan lára rẹ̀.

“Bàbá, ibo lẹ kó bọ́ọ̀tù wọ̀nyí sí kí ẹ tó lò wọ́n?”

Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. “Oṣù kẹfà ni páálí wọn dé. Irin ò tíì dé nígbà yẹn. Òjò bẹ́ páálí náà, a wá dà wọ́n sínú bàsíà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé sìmẹ́ǹtì. Ẹnjiníà, ìpata díẹ̀ lójú bọ́ọ̀tù, àwa ò kà á sí.”

Àwọn nìkan kọ́. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó ka ìwé jù wọ́n lọ. Òjò oṣù kẹfà àti ìkeje ní Ìkòròdú, ẹni tó bá ń gbé ibẹ̀ mọ bó ṣe máa ń rí. Bọ́ọ̀tù yẹn, nọ́ọ̀tù rẹ̀ àti wáṣà rẹ̀ jáde láti ilé iṣẹ́ pọ̀ ni, pẹ̀lú òróró tí wọ́n ti dánwò lára wọn. Orí òróró yẹn ni ẹni tó ṣírò 390 gbé ìṣirò rẹ̀ lé. Bí òjò bá ti fọ̀ ọ́ lọ, 390 ò ní ìtumọ̀ mọ́. Nínú bọ́ọ̀tù 48 náà, a tún rí márùn-ún tí kò ní àmì kankan lórí. Wọ́n ní díẹ̀ sọnù nínú ẹrẹ̀, àwọn fi òmíràn dípò. Mi ò bi wọ́n léèrè ibi tí wọ́n ti rà á. Bọ́ọ̀tù tí kò ní àmì, bí ẹni tí kò ní orúkọ ni mo ṣe ń ṣe sí i, mi ò lè fi ẹ̀mí ènìyàn lé e lọ́wọ́.

Ọ̀rọ̀ ẹnu mi nìkan ò tó fún Bàbá Fóòmánù, mi ò sì bá wọn wí. Mo yá ẹ̀rọ kan lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi: a ó ki bọ́ọ̀tù bọ inú rẹ̀, a ó yí nọ́ọ̀tù, ọwọ́ aago ojú rẹ̀ á sì máa sọ bí bọ́ọ̀tù ṣe fa tó. Mo gbé e kalẹ̀ sórí tábìlì níwájú ilé. Mo ní kí wọ́n fi sípánà ara wọn ṣe é, kí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn ṣe é.

Tuntun ni wọ́n kọ́kọ́ fi sí i, láti inú agolo tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí. Wọ́n yí i títí ó fi ké. Aago dúró sórí 150 kN. Wọ́n fi márùn-ún sí i, kò sí èyí tó lọ sábẹ́ 146. Wọ́n wá mú èyí tí a tú láti òkè. Wọ́n yí i, agbára ọwọ́ kan náà, kẹ̀ kan náà. Aago dúró sórí 78. Wọ́n wò ó. Wọ́n tẹ ojú aago náà pẹ̀lú ìka bí ẹni pé ó há. Wọ́n mú òmíràn: 71. Òmíràn: 84. Lẹ́yìn ìkarùn-ún, wọ́n gbé sípánà sílẹ̀ jẹ́jẹ́, wọ́n sì ṣí ìwé àjákọ wọn sí ojú ewé tuntun, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ àwọn nọ́ńbà náà sílẹ̀. Ọ̀wọ̀ tí mo ní fún wọn tún pọ̀ sí i.

Ẹ jẹ́ ká ro ó pọ̀. Bí àwòrán ṣe fẹ́ ẹ, bọ́ọ̀tù kan á fún irin pọ̀ pẹ̀lú 137 kN, ojú irin tí a fẹ́ yanrìn irin lù dáadáa á sì fún wa ní òǹkà 0.5, ìyẹn ni pé ìdajì ìfúnpọ̀ náà ló ń di agbára tó ń dènà yíyọ̀, nítorí náà bí 68 kN ló yẹ kí bọ́ọ̀tù kọ̀ọ̀kan dènà kó tó yọ̀, kí a tó yọ ti ààbò kúrò níbẹ̀. Ohun tó wà lókè ni 78 kN. Bí a bá tilẹ̀ ṣàánú ojú irin ọlọ́dà yẹn, tí a fún un ní 0.2, kò tó 16 kN. Kò tó ìdá kan nínú mẹ́rin. Sípánà sì ké fún gbogbo wọn.

Ọmọ àbúrò Alhaja, tó ti ń gbọ́ wa bọ̀, ní ṣé a ò kúkú lè yí sípánà sí 600 ká tún wọn le. Ìbéèrè gidi ni. Ṣùgbọ́n bí nọ́ọ̀tù bá le láti yí, agbára náà á máa lọ́ ara bọ́ọ̀tù bí aṣọ tí a ń fún omi rẹ̀ kúrò. Òmíràn á já, òmíràn á sì tún wà lábẹ́ ìwọ̀n, a ò sì ní mọ èwo ni èwo. Ó tún ní, tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ká ra 10.9 tó lágbára jù, èyí tí wọ́n ti bọ sínú síńkì kó má ta ìpata. 10.9 dára níbi tí wọ́n bá ti ṣètò fún un. Ṣùgbọ́n bí irin bá ṣe ń lágbára sí i ló ń di ẹlẹgẹ́ sí afẹ́fẹ́ hydrogen, tó lè wọ inú rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń fi ásíìdì fọ̀ ọ́ kí wọ́n tó bọ̀ ọ́ sí síńkì, tàbí láti inú omi tó dúró yí i ká. Mo sọ ìtàn afárá San Francisco sí Oakland ní Amẹ́ríkà fún un: àwọn ọ̀pá irin alágbára tí wọ́n bọ sínú síńkì, tí wọ́n ti wà nínú ihò tí omi ń dúró sí láti 2008. Ní oṣù kẹta 2013 ni wọ́n fà wọ́n le. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, 32 nínú 96 ti já. Ó dákẹ́, ó ní, “Omi náà kan ibẹ̀ yẹn.” Bẹ́ẹ̀ ni, omi náà kan ibẹ̀.

8.8 la tún rà, nínú agolo tí wọ́n dí. Iye tí a ó lò lọ́jọ́ kan la ń ṣí lọ́jọ́ kan, inú yàrá Alhaja la sì ń kó ìyókù sí. A tú oríkèé lọ́kọ̀ọ̀kan, a kì í tú méjì pọ̀. A fẹ́ ojú irin méjèèjì pẹ̀lú yanrìn irin títí gbogbo ọ̀dà fi lọ. Bọ́ọ̀tù àárín la kọ́kọ́ ń mú, a ó wá máa lọ sí etí, kí irin lè pọ̀ mọ́ra láti àárín lọ. Àkọ́kọ́, 270 Nm fún gbogbo mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Lẹ́yìn náà la fi ọ̀dà funfun fa ìlà kan láti orí nọ́ọ̀tù dé ara irin, a sì tún yí nọ́ọ̀tù náà ní ìdá kan nínú mẹ́fà yíyí. Nọ́ọ̀tù ní ojú mẹ́fà, nítorí náà ojú kan sí èkejì gan-an nìyẹn, bí sísanra gbogbo ohun tó wà láàárín orí bọ́ọ̀tù àti nọ́ọ̀tù kò bá ju ìlọ́po méjì ìnípọn bọ́ọ̀tù lọ. Ti wa ò tó milimítà 40. Ọ̀nà yìí ni mo fẹ́ràn jù lọ, torí nínà ló ń wọ̀n ní tààrà: bí irin bá ti pọ̀ mọ́ra tán, tí nọ́ọ̀tù tún yí dé ibi kan, bọ́ọ̀tù ní láti nà. Ẹni tó bá dúró sílẹ̀ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì lè rí i bóyá ìlà ti sún ní ojú kan.

Ọmọ iṣẹ́ mi ló rí wáṣà kan tí wọ́n dojú rẹ̀ dé lábẹ́ orí bọ́ọ̀tù. Ẹ̀gbẹ́ wáṣà yẹn tí wọ́n gé etí inú rẹ̀ ló yẹ kó kọjú sí orí bọ́ọ̀tù, kó lè gba ibi tí ọrùn bọ́ọ̀tù ti yípo. A tú u, a sọ bọ́ọ̀tù yẹn nù, a fi tuntun sí i, torí bọ́ọ̀tù tí a bá ti fà dé ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, a kì í tún un lò. Àwọn bọ́ọ̀tù àtijọ́ 48 náà, ẹ̀rọ ìgérin la fi la eyín wọn kọjá kí àwọn oníkókíkó-irin tó kó wọn, kí ẹnikẹ́ni má baà fi wọ́n kọ́ ilé mìíràn. A tún fa ìlà sórí gbogbo nọ́ọ̀tù tuntun níbi tí ó parí sí. Mo padà lọ wò wọ́n ní oṣù kìíní, kò sí èyí tó yà.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án la dán kíréènì wò. Bàbá Fóòmánù ní àwọn gan-an ni yóò di bọ́tìnnì mú. Wọ́n gbé ìdì páìpù tó wúwo jù nínú ilé. Gbogbo wa dúró sí ẹnu ọ̀nà, Alhaja fi ọwọ́ méjèèjì bo etí, wọ́n sì pa ojú dé. Kíréènì sáré dé àárín ilé, ó dúró lójijì, páìpù ń fì lórí ṣéènì. Ó padà, ó tún dúró. Ó tún lọ.

“Ṣé wọ́n ti tẹ bíréèkì náà?” Alhaja ò tíì la ojú.

“Ìgbà kẹta rèé, Alhaja.”